Gbogbo Kẹ̀kẹ́ Pé

Àpò kékeré kan ni Inspẹ́kítọ̀ Fàòsíyà ń wò láti àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn, kò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa. Aṣọ àdìrẹ ni wọ́n fi rán àpò náà. Wọ́n so ó mọ́ irin àárín kẹ̀kẹ́ ológeere kan tó fara ti ògiri ẹ̀yìn àgọ́ ọlọ́pàá wa, aró ara rẹ̀ sì ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n yọ ọ́ nínú ìkòkò. Ọ̀gá mi fọwọ́ pa á, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó tún gbé imú sún mọ́ ọn. Mo ní lọ́kàn mi pé ó tún ti dé nìyẹn.

Sájẹ́ǹtì Fákúnlé ni èmi, ọmọ Ifẹ̀ ni mí, mo sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí débi pé bàtà ọlọ́pàá ti sọ ẹsẹ̀ mi dà bó ṣe wù ú. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Fàòsíyà wá sọ́dọ̀ wa láti Ìwó ni mo ti ń tẹ̀ lé e kiri. Òun ni ọ̀gá, ṣùgbọ́n ó máa ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ nítorí ewú orí mi, inú mi sì máa ń dùn sí i. Ohun kan ṣoṣo tí n kò fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé ó máa ń dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀.

Roqeeb ló ni kẹ̀kẹ́ náà. Ó ti di àwátì láti ọjọ́ Sátidé. Ìyá rẹ̀, Mùnírátù, aláró kan tó ń gbé ní Òkèrèwè, jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa pẹ̀lú fláásìkì oúnjẹ lórí itan. Ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀. Ó gbé ti ọjọ́ Sunday wá, ó gbé e padà sílé. Ó tún se òmíràn ní Mọ́ńdè, ó tún gbé e wá. Ó ní níbikíbi tí ọmọ òun bá wà, ebi á ti máa pa á. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bí ọmọ mìíràn, ohun tó sì ń bẹ̀ wá fún kò ju pé kí á bá òun rí Roqeeb kó tó pẹ́ jù.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí. Àwọn kan wà ní àdúgbò Mayfair tí wọ́n ní mọ́tò nílé, tí wọ́n á fi mọ́tò sílẹ̀, wọ́n á wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan típẹ́típẹ́, wọ́n á máa fẹsẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ kiri títì, wọ́n ní eré ìdárayá ni. Èmi ò rí ìdárayá kankan nínú ìyà àfọwọ́fà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń ṣe èyí tó tóbi jù, tí wọ́n ń pè ní Ìrìn Odò. Wọ́n á jáde ní Ifẹ̀ ní ìdájí, wọ́n á kọjá odò Ṣàṣà, wọ́n á gba Ìpetumodu dé Gbọ̀ngán, wọ́n á yà sí Akọ̀dà, wọ́n á wọ Ẹdẹ níbi tí Ọ̀ṣun ti ń ṣàn, wọ́n á kọjá Òṣogbo, wọ́n á wá gba Iléṣà àti Òṣú padà wálé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan á máa bọ̀ lẹ́yìn wọn láti gbé ẹni tó bá rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ tó bá bàjẹ́. Roqeeb kì í ṣe olówó bíi tiwọn, tíṣà ilé-ìwé aládàáni ni, ṣùgbọ́n ó lẹ́sẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Iwájú ló máa ń wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, gbogbo kẹ̀kẹ́ dé sí Mayfair. Ti Roqeeb wà lára ògiri pẹ̀lú àwọn yòókù. Roqeeb fúnra rẹ̀ ni wọn kò rí, kálukú sì rò pé ó ti gba mọ́ṣáláṣí lọ, wọ́n wẹ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n lọ sùn.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ sáré wá bá wa ní Sunday, Hakeem ló tètè sọ̀rọ̀. Hakeem ni awakọ̀ píkọ́ọ̀pù náà. Ó ní Iléṣà ni òun ti rí Roqeeb gbẹ̀yìn, pé òjò ńlá ń rọ̀, ó pa ọmọ náà àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ rin gbindin, ó gbé kẹ̀kẹ́ fún òun, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì bẹ́ sílẹ̀ ní Mayfair láìdúpẹ́. A bá fóònù Roqeeb nínú àpò àdìrẹ yẹn, iná ti tán lára rẹ̀. A fi iná sí i, ọ̀rọ̀ tí a kọ́kọ́ rí níbẹ̀ wá látọ̀dọ̀ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Sùmáyà, ní Modakeke. Ó ní òun ti ń dáná, kó máa bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ó parí. Modakeke la sun Sunday sí. A tú ilé òbí ọmọbìnrin náà, a wo ẹ̀yìnkùlé, a wo kànga. Sùmáyà ní òun gbé oúnjẹ kalẹ̀ títí ó fi tutù, òun sì rò pé ó ń bínú sí òun ni. Nígbà tí a ń lọ, ó ń sunkún, ìyá rẹ̀ sì ń ṣépè fún wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí ọ̀gá mi tẹjú mọ́ àpò.

Ó pe ìyá Roqeeb jáde, ó bi í pé ta ló rán nǹkan yìí. Obìnrin náà ní òun ni. Òun ló pa á láró, òun ló rán an, ṣùgbọ́n Roqeeb kánjú gbà á nítorí Ìrìn Odò, aró náà kò tíì jókòó dáadáa. Ó ní òun kìlọ̀ fún un títí kó tó jáde nílé pé kó má ṣe jẹ́ kí omi kàn án, nítorí bí omi bá kàn án, á ba aṣọ ara rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀gá mi bu omi nínú kùlà wa, ó da díẹ̀ sí ìdí àpò náà. Omi tó wọ inú rẹ̀ ní funfun, aró ló bá jáde. Ó ṣàn gba ara irin kẹ̀kẹ́, ó fa ìlà búlúù kan tó dé orí táyà. Kò sí irú ìlà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó bi mí pé, "Sájẹ́ǹtì, ẹ ní Hakeem sọ pé òjò pa kẹ̀kẹ́ yìí ní Iléṣà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó na ọwọ́ kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ìyá Roqeeb bi wá bóyá kí òun dúró. Ọ̀gá mi ní kí wọ́n dúró.

Ilé Pápá Adébíyìí la lọ ní Mayfair. Pápá yìí ló dá ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo wa wà lórí ìlà ní àárọ̀. Ó ní kò sí bí Roqeeb ṣe lè sọnù lọ́nà, nítorí ìlú kọ̀ọ̀kan tí àwọn dé ni òun ti dúró yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n pé ní Gbọ̀ngán, wọ́n pé ní Akọ̀dà, wọ́n pé ní Òṣogbo, wọ́n pé ní Iléṣà. Bí a bá fẹ́ wá ọmọ náà, ó ní kí a wá a nínú Ifẹ̀. Ọ̀gá mi bẹ̀ ẹ́ kó ṣàlàyé bó ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò.

Pápá gbé fóònù jáde, ó fi fọ́tò hàn wá. Kẹ̀kẹ́ lára ògiri ní Gbọ̀ngán. Kẹ̀kẹ́ lábẹ́ igi ní Akọ̀dà. Kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá ilé epo kan ní Òṣogbo. Wọ́n tò wọ́n bí ẹní to iṣu sórí àtẹ, ó wuni í wò. Kò sí ojú èèyàn kan nínú gbogbo fọ́tò náà.

"Bàbá, àwọn èèyàn ńkọ́?" ni ọ̀gá mi wí.

Pápá wò ó bí ẹni tó bú òbí ẹni. "Inspẹ́kítọ̀, ṣebí ọmọ Yorùbá ni yín. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. N kò na ìka sí orí ọmọ ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń kà. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti pé, èèyàn pé."

Kí n má purọ́, mo mi orí. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ìyá ìyá mi kò jẹ́ ka àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ bí ikú tilẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Bí àlejò bá bi í pé mélòó ni wọ́n, á ní wọ́n pọ̀, Ọlọ́run ló mọye. N kò rí nǹkan kan tó burú nínú ọ̀rọ̀ Pápá. Ọ̀gá mi nìkan ni ojú rẹ̀ yí padà, ó sì gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú fọ́tò Akọ̀dà, àpò àdìrẹ wà níbẹ̀ gbangba, lára kẹ̀kẹ́ tó ṣíwájú. Nínú ti Òṣogbo, a wò ó títí, a ò rí i. Pápá ní ìyẹn kò ní wàhálà nínú, pé kí àwọn tó dé Òṣogbo ni ó ti rẹ àwọn kan, kẹ̀kẹ́ tiwọn ti wà nínú ọkọ̀, tapólì bò ó. Hakeem ló máa ń sọ iye tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun á sì rò ó mọ́ ti ara ògiri. Ta ló ni àwọn tó wà nínú ọkọ̀? Ó ní òun ò bèèrè. Kí ni òun fẹ́ bèèrè fún nígbà tó ti pé?

Ọ̀gá mi tún bi í pé ṣé òjò ti rọ̀ kí wọ́n tó dé Òṣogbo. Ó ní rárá, ẹ̀yìn Òṣogbo ló tó ká àwọn mọ́. Nígbà yẹn ni èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tó ń bi í. Kẹ̀kẹ́ Roqeeb ti wà lábẹ́ tapólì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Hakeem kò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Iléṣà.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó kù tí a rí, a bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan ní yàrá Pápá. Àwọn tó wà níwájú ní àwọn rò pé Roqeeb wà lẹ́yìn, pé yóò lé àwọn bá. Àwọn ẹ̀yìn ní àwọn mọ̀ pé iwájú ló máa ń wà, kí ni àwọn fẹ́ máa wá a sí? Àwọn tó wọ ọkọ̀ rò pé ó ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú òjò rò pé ó ti wọ ọkọ̀. Olúkúlùkù wọn ló ní ibi tó fi ọmọ náà sí lọ́kàn, wọ́n sì fọkàn balẹ̀.

Ẹni kan tilẹ̀ sọ fún wa pé Roqeeb bá Olúmúyìwá jà ní Akọ̀dà. Olúmúyìwá yìí, òṣìṣẹ́ báńkì ni, òun àti Roqeeb ni wọ́n jọ máa ń wà níwájú. Ó wọlé, mo rí ojú ọgbẹ́ gígùn lápá rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì dúró sójú kan. Mo ní ọwọ́ ti bà á. N kò dúró gbàṣẹ, mo ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ kó tó jókòó. Mo ti rí i lọ́kàn mi bó ṣe tì í sódò.

Ó ní òun ṣubú ní Òṣú, ẹnikẹ́ni lè jẹ́rìí sí i. Ní ti ìjà, ó kọ́kọ́ ń fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu, ó tún ń gbé e mì. Ó wá sọ ọ́. Ó ní Roqeeb bẹ gbogbo wọn pé bí àwọn bá dé odò ní Ẹdẹ, kí wọ́n dúró díẹ̀ kí òun kí ìrun Àìlà. Òun ló dá a lóhùn pé ẹni tó bá fẹ́ kírun kó kírun, kẹ̀kẹ́ kì í dúró de ẹnì kan. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé afárá, Roqeeb sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, ó ní òun á lé wọn bá, ó gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ lọ sísàlẹ̀ láti ṣe àlùwàlá. Olúmúyìwá kò wẹ̀yìn.

Inú bí mi. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ èyí fún wa láti Sunday. Ó wò mí, omi ti lé ròrò sí i lójú.

"Wọ́n ní Hakeem rí i ní Iléṣà. Ẹni tó rí i gbẹ̀yìn ni ẹ ní kó wá. Kí ni èmi tún fẹ́ sọ?"

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Èmi náà ni mo kéde bẹ́ẹ̀ níwájú ilé Pápá lọ́jọ́ Sunday, pé ẹni tó bá rí i lẹ́yìn Iléṣà nìkan ni a fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọ̀gá mi rọra ní kí n tú ọkùnrin náà sílẹ̀. Nígbà tí a wọ mọ́tò, ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò lápànìyàn nínú, ìyẹn gan-an ló sì ń ba òun lẹ́rù, nítorí apànìyàn á mọ ibi tó gbé òkú sí.

A bá Hakeem níbi tó ń fọ mọ́tò, a gbé e wá sí ẹ̀yìn àgọ́, síwájú kẹ̀kẹ́. Ọ̀gá mi ní kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ó tún un sọ dáadáa, kò fo ẹyọ kan: Iléṣà, òjò, kẹ̀kẹ́ tó rin gbindin, Roqeeb lẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀gá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ife omi, ó rọra dà á sórí àpò àdìrẹ náà, aró dúdú ṣàn wálẹ̀, ó kán sórí bàtà Hakeem.

"Òjò wo ló pa kẹ̀kẹ́ yìí, Hakeem?"

Hakeem wo bàtà rẹ̀.

Ó ní ẹ̀yìn gbogbo wọn ló yẹ kí òun wà, ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ háyà òun nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Gbọ̀ngán, òun rí àwọn èrò tó ń wá ọkọ̀ lọ sí oko wọn, òun kó wọn, òun yà kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí òun padà, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti lọ jìnnà. Òun ń sáré lé wọn bọ̀ ni òun rí kẹ̀kẹ́ kan tó fara ti irin afárá ní Ẹdẹ, kò sí ẹnì kankan lẹ́bàá rẹ̀. Òun fọn fèrè mọ́tò. Òun tún fọn ọ́n. Òun rò pé ó ti rẹ ẹni tó ni ín, ó ti gun ọ̀kadà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òun sọ kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀, òun fi tapólì bò ó, òun tẹná. Ní Òṣogbo, Pápá bi òun pé mélòó ló wà nínú ọkọ̀, òun sọ ọ́, Pápá ní ó pé. Nígbà tó ti pé, ọkàn òun balẹ̀.

Ọ̀gá mi bi í léèrè irọ́ Iléṣà. Ó ní bí òun bá dárúkọ Ẹdẹ, wọ́n á bi òun ibi tí òun wà tí òun kò fi rí ọmọ náà. Gbogbo ènìyàn sì ń sọ pé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan ni Roqeeb wà ní Modakeke. Òun rò pé á jáde fúnra rẹ̀, pé irọ́ kékeré kò lè pa á.

Mo gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí, ọwọ́ náà kò balẹ̀. N kò mọ ohun tó mú un dúró. A tì í mọ́lé, a jáde. Ìyá Roqeeb dìde lórí bẹ́ǹṣì bó ṣe rí wa, ó ní ṣé kí òun wá ibi tí òun á ti gbé oúnjẹ náà kaná, ó ti ń tutù. Ọ̀gá mi dá a lóhùn pé a ń bọ̀. Kò lè wo ojú rẹ̀.

Èmi ni mo wa mọ́tò. Ìpetumodu, Gbọ̀ngán, Akọ̀dà, ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ ní Sátidé gẹ́lẹ́ la gbà. Mo ń tẹ iná, mo ń sọ fún ara mi pé ọmọ tó lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè kú bọ̀rọ̀, bóyá ẹsẹ̀ ló dá, bóyá àwọn ará abúlé ti gbé e wọlé tí wọ́n ń fún un lẹ́kọ mu. Mo sọ ọ́ síta. Ọ̀gá mi ní kí n máa wo iwájú.

Bàbá àgbàlagbà kan ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi nítòsí afárá. Abdulsalam ni wọ́n ń pè é, apẹja ni, ó sì ti pẹ́ létí odò yẹn. Ọ̀gá mi kúnlẹ̀ kí i, ó bi í bóyá wọ́n rí ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá ní òun kò rí ẹnì kankan. Ó wá ní, bí kò bá ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ ń tún páìpù omi ṣe nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ì bá dákẹ́ pátápátá. Ọ̀gá mi bi í pé òṣìṣẹ́ wo. Bàbá ní òun kò rí wọn lójú, òun kàn ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu irin, kọ̀, kọ̀, kọ̀, wọ́n á lù ú, wọ́n á sinmi. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni wọ́n fi lù ú.

"Ìgbà wo ni wọ́n dáwọ́ dúró, Bàbá?"

Ó ní ní Àsùbáà òní, nígbà tí òun ń ṣe àlùwàlá, òun ṣì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀gá mi kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ afárá, bàtà rẹ̀ ń yọ̀ lórí koríko, èmi náà ń tẹ̀ lé e bí ara àgbà ṣe lè sáré mọ. Bàtà Roqeeb la kọ́kọ́ rí. Ó tò wọ́n sórí òkúta kan, ó ká ìbọ̀sẹ̀ sínú wọn bí ẹni tó fẹ́ tètè padà wá wọ̀ wọ́n. Òkúta kejì ní ewé odò lórí, ojú ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀ sì hàn lára ewé náà.

Sáàárín òkúta méjì ló bọ́ sí, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù irin ńlá kan tó kọjá sábẹ́ afárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan há, ó ti dá lórúnkún. Ẹni tó bá wà lórí afárá kò lè rí i láé. Odò sì ń hó níbẹ̀ débi pé bí ó bá pariwo, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́, ìyẹn ló fi mú òkúta, tó ń fi lu páìpù. Òkúta náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò tó rọ̀ lókè lọ́nà Iléṣà, tí kò kan àpò rẹ̀ rárá nítorí tapólì Hakeem, ìyẹn ló gba inú Ọ̀ṣun wá bá a níbẹ̀, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé àyà rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án lọ́rùn. Ó ti kú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò tíì le.

Mo jókòó sínú omi níbẹ̀, mo sunkún. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fi mí ṣe é. Ní Sunday tó ń lu irin yẹn, èmi ń wo inú kànga ní Modakeke. Ọ̀gá mi bọ́ ìborùn rẹ̀, ó nù ún lójú, ó sì ń sọ innà lillāhi lábẹ́ ohùn títí àwọn èèyàn fi dé bá wa.

Òkèrèwè la sin ín sí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo oníkẹ̀kẹ́ Mayfair ló wá, wọ́n dúró sápá kan. Olúmúyìwá kò lè sún mọ́ sàréè. Sùmáyà jókòó ti ìyá Roqeeb, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn èèyàn ń bi mí léèrè ẹjọ́ tí a máa pe Hakeem. Mo ní irọ́ ló pa fún ọlọ́pàá, a máa gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù lórí ìyẹn. Wọ́n ní ṣé ìyẹn nìkan ni? Mo ní ìyẹn nìkan ni òfin mọ̀.

Pápá Adébíyìí wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú obìnrin náà, tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé òun kò mọ̀, pé gbogbo ibi tí àwọn dé ni òun ti yẹ̀ wọ́n wò, pé ohun tí àwọn baba wa sọ ni òun tẹ̀ lé, a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ.

Ìyá Roqeeb kò bínú, kò gbé ohùn sókè. Ó ní kí wọ́n dìde, àgbà ni wọ́n, kí wọ́n má dọ̀bálẹ̀ fún òun. Ó ní òun náà gbà pé a kì í ka ọmọ, òun kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka tòun.

"Ṣùgbọ́n Bàbá, bí ẹ ò tilẹ̀ kà á, ṣé ẹ ò lè pè é ni? Àgbò méjì ni bàbá rẹ̀ pa lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Ó lórúkọ. Ìlú kan nínú gbogbo ìlú tí ẹ dé yẹn, ká ní ẹ dúró, kí ẹ ní Roqeeb, kí ẹ gbọ́ bóyá á dáhùn."

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá mi fọwọ́ tọ́ mi léjìká pé ká máa lọ. Nígbà tí a dé àgọ́, fláásìkì ìrẹsì náà ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, níbi tí ìyá Roqeeb fi í sí ní Mọ́ńdè kó tó tẹ̀ lé wa lọ wo òkú ọmọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè gbé e kúrò níbẹ̀.